Níbo ni yúníìtì ń lọ? Àlàyé lórí owó iná àti àwọn ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú ilé

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà kéde pé àwọn oníbàárà tó wà ní Báǹdì A ti kúrò ní ẹni tó ń san ₦68 lórí yúníìtì kan. ₦225 ni wọn yóò máa san. Nínú oṣù Karùn-ún wọ́n gé e sí ₦206.80, nígbà tó sì di oṣù Keje, ó tún gòkè sí bíi ₦209.50. Tí a bá ro VAT, ìyẹn owó orí ọjà, tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ọn, ₦225 náà ló ń jáde lápò ẹni ní 2024. Iye yẹn ni mo fi ṣe ìṣirò Báǹdì A nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wò ó báyìí: ₦10,000 tó ń ra yúníìtì bíi 136 tẹ́lẹ̀ wá ń ra 44. Ilé tí iye owó yẹn máa ń gbé dé òpin oṣù, ọjọ́ mẹ́wàá ló ń gbé e báyìí, bí wọn kò bá yí ohunkóhun padà.

Báǹdì A ni àwọn tí ilé iṣẹ́ apínná ṣèlérí fún pé iná wọn kò ní dín ní wákàtí 20 lójúmọ́. Ti B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Àwọn B títí dé E kò sí nínú àfikún owó náà. Yúníìtì tiwọn kò tó ₦70 nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Musiliu Oseni tó jẹ́ igbákejì alága NERC nígbà náà ṣàlàyé pé àwọn Báǹdì A kò ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà lọ, ṣùgbọ́n pé àwọn ló ń lo ìdá 40 nínú iná. Èyí lè mú kí ẹni tó gbọ́ ọ rò pé olówó nìkan ló wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò, ló ń pinnu báǹdì, wọn kì í wo àpò ẹnikẹ́ni. Bí fídà yín bá ti jẹ́ A, ẹni tó ní ilé alájà mẹ́ta àti ìyá tó ń gbé yàrá kan, tó ń ta ẹ̀kọ, iye kan náà ni wọ́n jọ ń ra yúníìtì.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ìgbà tí ìkéde yìí jáde, Adébáyọ̀ Adélabú, ọmọ Ìbàdàn tó jẹ́ mínísítà iná mànàmáná nígbà náà, sọ ọ̀rọ̀ kan tó bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Ó ní iná tó wà ní pọ́ọ́kú ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa tan AC sílẹ̀ tí wọ́n bá jáde lọ jẹun tàbí lọ kí ẹlẹgbẹ́ wọn, kí yàrá lè ti tutù kí wọ́n tó dé, tí wọ́n sì ń fi fírísà sílẹ̀ ní títàn fún ọjọ́ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní yọ́ tí wọ́n bá pa á fún wákàtí díẹ̀. Ariwo ta. Ìbínú yẹn yé mi dáadáa. Ní ilẹ̀ tí iná ti lè lọ láàárọ̀ kó má dé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹni tó ń jẹ́ kí fírísà rẹ̀ di yìnyín gbagidi ń múra de òkùnkùn ni. Kò ṣeé pè ní ìnákúnàá. Àmọ́ lábẹ́ ariwo náà, ìbéèrè gidi kan wà tí ẹnikẹ́ni kò dá lóhùn dáadáa: ṣé pípa fírísà ń dín owó iná kù lóòótọ́? Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló ń dín in kù?

Ká tó débẹ̀, ó yẹ ká sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ iná lò fi ṣàjèjì sí wa. Láti ayé NEPA tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1972, dé ayé PHCN, títí tí ìjọba fi fa iná pínpín lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, bíìlì àfojúbù ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbà, àwọn mìíràn sì ń gbà á dòní. Ẹni tó tan gílóòbù kan àti ẹni tó tan ogún, bíìlì kan náà ni wọ́n lè jù sí ẹnu ọ̀nà àwọn méjèèjì. Ta ni yóò wá máa pa súìṣì kiri? Súìṣì tó wà ní títàn gan-an ni a fi ń mọ̀ pé iná ti dé, kí àwọn ọmọ tó pariwo "Up NEPA!" Nígbà tí mítà tí à ń ra yúníìtì sí wá dé, owó rẹ̀ kò tíì ga, àṣà náà sì bá a wọlé. Ọdún 2024 ni àṣà yẹn di gbèsè lọ́rùn àwọn tó wà ní Báǹdì A.

Ìṣirò ibẹ̀ kò le. Yúníìtì kan ni ohun tó ń lo wáàtì 1,000 yóò jẹ láàárín wákàtí kan. Ẹ yí ẹ̀yìn ohunkóhun tó ń lo iná nínú ilé, tàbí ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà W tẹ̀lé. Ẹ mú nọ́ńbà yẹn, ẹ fi iye wákàtí tí ẹ ń lò ó lójúmọ́ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000. Ohun tó bá jáde ni yúníìtì tó ń jẹ lójúmọ́. Ẹni tó wà ní A yóò wá fi 225 sọ ìyẹn di púpọ̀, yóò sì rí náírà tó ń ná. Ohun tí ìṣirò kékeré yìí máa ń fi hàn yàtọ̀ gédégédé sí ohun tí à ń jà lé lórí nínú ilé.

Ẹ jẹ́ ká fi fóònù bẹ̀rẹ̀, torí pé òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nàka sí. Fóònù tó ní bátìrì 5,000 mAh, tó ti kú fin-ín fin-ín, tí ẹ bá ṣáájì rẹ̀ títí tó fi kún, kò ní jẹ ju nǹkan bíi yúníìtì 0.025 lọ. Kò tó ₦6. Ilé wà tí wọ́n ti ṣòfin pé àlejò kò gbọ́dọ̀ ṣáájì fóònù, tí ayálégbé kan kò bá èkejì sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ṣájà tí wọ́n gbàgbé sára wọ́ọ̀lù. Lórí ₦6! Nínú ọgbà kan náà, irin ríìngì wà nínú garawa omi ní bálùwẹ̀, ó ti ń hó láti ìgbà tí wọ́n kírun àsùbáà, kò sẹ́ni tó kà á sí.

Ríìngì yẹn ni ká dúró lé lórí. Ohun tó bá ń mú nǹkan gbóná ni olórí ajẹyúníìtì nínú ilé: ríìngì, kẹ́tùlù oníná, áyọ́ọ̀nù, hot plate, ẹ̀rọ omi gbígbóná tí wọ́n kàn mọ́ ògiri bálùwẹ̀. Ohun tó ń mú nǹkan tutù ló tẹ̀lé e. Ohun tó ń tàn, èyí tó ń sọ̀rọ̀ àti èyí tó ń fi àwòrán hàn, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n wà. Ìdí ni pé omi le láti mú gbóná. Agbára tí ó máa ń gbà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ibi yòówù kí ẹ ti ra ríìngì yín.

Ẹ bá mi wo garawa ìwẹ̀ kan, lítà 20. Omi ẹ̀rọ wa máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 26. Omi ìwẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó dùn mọ́ ara, kò ju 40 lọ. Láti gbé lítà 20 láti 26 dé 40, yúníìtì 0.33 ni, owó rẹ̀ kò ju bíi ₦73 lọ ní Báǹdì A. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọn yóò pọn omi dé ìdajì garawa, wọn yóò ki ríìngì bọ̀ ọ́, wọn yóò lọ máa ṣe nǹkan mìíràn títí omi yóò fi hó tó ń ta kété. Lítà 10 tó hó ti jẹ yúníìtì 0.86, ìyẹn ₦194. Nígbà tí wọ́n bá wá fẹ́ wẹ̀, wọn yóò rí i pé ó gbóná jù, wọn yóò bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lú omi tútù, èyí tó kù yóò máa tutù díẹ̀díẹ̀ nínú garawa. Lítà mẹ́rin péré, ìyẹn ike ọ̀dà kan tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà, tí ẹ bá hó o tí ẹ sì fi omi tútù kún un dé lítà 20, ìwẹ̀ ti dé. Ilé tí èèyàn mẹ́rin ti ń wẹ omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ìyàtọ̀ láàárín ìdajì garawa àti ike ọ̀dà yìí tó bíi ₦14,000 lóṣù kan. N kò mọ ohun mìíràn nínú ilé tí èèyàn lè yí padà láìná kọ́bọ̀, tí yóò sì mú irú owó bẹ́ẹ̀ wọlé. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yọ ríìngì kúrò lára iná kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi. Ó ti pa èèyàn.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ omi gbígbóná lára ògiri, ẹ tàn án ní bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ pa á tí ẹ bá ti wẹ̀ tán. Tí ó bá wà ní títàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, yóò máa tutù, yóò tún máa gbé ara rẹ̀ gbóná, yálà ẹnìkan fẹ́ wẹ̀ tàbí kò fẹ́.

Áyọ́ọ̀nù náà ń jẹ wáàtì 1,000 sí bíi 1,600. Èyí tó ń ná owó jù nínú rẹ̀ ni àṣà kí á máa lọ aṣọ kan ṣoṣo láràárọ̀. Kí irin náà tó gbóná tó, iná ti lọ. Kété tó bá sì gbóná tán, aṣọ kan ti parí, ooru tó kù a ṣòfò. Ẹni tó bá kó aṣọ ọ̀sẹ̀ jọ ní ọjọ́ Sátidé, tó kọ́kọ́ lọ àwọn aṣọ tó nípọn, tó wá fi àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ parí lẹ́yìn tó ti pa áyọ́ọ̀nù, yóò rí ìyàtọ̀. Àwọn télọ̀ mọ èyí dáadáa. Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń kó aṣọ jọ kí wọ́n tó tan áyọ́ọ̀nù wọn.

Ti oúnjẹ sísè, ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ báǹdì tí ẹ wà, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ kò rò ó dé ibẹ̀. Kílò gáàsì kan ní ooru tó tó yúníìtì 13 nínú, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń wọ inú ìkòkò, ìyókù ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Hot plate kì í ṣòfò ooru tó bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, yúníìtì bíi 10 lórí hot plate ló ń ṣe iṣẹ́ kílò gáàsì kan. Ní Báǹdì A, ₦2,250 nìyẹn, nítorí náà bí kílò gáàsì ládùúgbò yín kò bá tíì dé ₦2,000, gáàsì ni kí ẹ fi se ẹ̀wà yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní B tàbí C, bí ó bá ṣì ń ra yúníìtì ní iye tí kò tó ₦70, yúníìtì 10 kò ní gbà ju bíi ₦750 lọ lọ́wọ́ rẹ̀ tòun ti VAT. Tí iná bá ti wà, ó lè gbé ẹ̀wà ka hot plate láìwẹ̀yìn. Ìmọ̀ràn tó tọ́ sí aládùúgbò yín lójú pópó kejì lè má tọ́ sí yín, fídà ló yàtọ̀.

Ó wá ku fírísà. Inú fírísà àti fíríìjì ni ohun tí wọ́n ń pè ní tẹ́mósítáàtì wà. Òun ló ń mọ̀ bí inú rẹ̀ bá ti tutù tó, yóò sì pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Tí ó bá tún ń móoru, yóò tàn án padà. Ẹ ti gbọ́ ọ rí lóru, bó ṣe máa ń kùn, tó máa ń gbọ̀n pẹ̀kẹ́ kan, tó wá dákẹ́. Nítorí náà fírísà tó "wà ní títàn" fún wákàtí 24 kì í ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju pé kí ó máa lé ooru tó ń jò wọlé láti ìta jáde. Tí ẹ bá pa á fún wákàtí mẹ́ta, ooru kò dúró, ó ń wọlé lọ. Nígbà tí ẹ bá tún tàn án, ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ láti lé gbogbo èyí tó ti kó jọ. Owó tí ẹ rí pa mọ́ kéré gan-an. Ohun tí mínísítà sọ pé nǹkan kò ní yọ́ jẹ́ òótọ́: fírísà tó kún dáadáa, tí a kò ṣí, lè pa òtútù rẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ méjì, èyí tó kún dé ìdajì fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n pé nǹkan kò yọ́ kò túmọ̀ sí pé owó ti dúró sápò. Ibi tí pípa rẹ̀ ti wúlò ni ìgbà tí kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀: fírísà tó ṣófo tí wọ́n fi ń di omi ọ̀rá mẹ́ta, tàbí ilé tó ní méjì tí ìkọ̀ọ̀kan kò kún ìdajì. Ẹ kó o sínú ẹyọ kan, kí ẹ pa èkejì pátápátá.

Fírísà ilé tó wà ní àlàáfíà, tí kò tóbi jù, lè máa jẹ yúníìtì 1 sí 1.5 lójúmọ́. Èyí tí ara rẹ̀ kò yá lè jẹ ìlọ́po méjì iye yẹn, kò sì ní pariwo. Ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn náà, kí ẹ ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn, kí ẹ wá fà á. Tí ó bá yọ wọ̀ọ̀ láìní ìdènà, rọ́bà tó yí ilẹ̀kùn ká ti rọ tàbí ó ti gé, òtútù tí ẹ ń fowó rà sì ń jáde tọ̀sántòru. Omi ni ẹ ń rọ sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé bébà náà yí ilẹ̀kùn ká, torí igun kan ṣoṣo ló máa ń bàjẹ́ nígbà mìíràn. Àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ń pààrọ̀ rọ́bà yìí, wọn kì í sì í sọ fún yín pé ó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ àyàfi tí ẹ bá bèèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni ooru ń gbà jáde. Tí ẹ bá tì í mọ́ ògiri gbàgbà, tàbí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, tàbí síbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń bá a láti ojú fèrèsé, ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní sinmi. Kí ọwọ́ lè wọ àárín òun àti ògiri. Yìnyín tó bá ti nípọn lára ògiri inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yọ́ kúrò. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á o. Ọbẹ̀ gbígbóná kí ó kọ́kọ́ tutù sórí tábìlì kó tó wọlé. Nọ́ńbà tẹ́mósítáàtì kò sì nílò kó wà níbi tó ga jù, àyàfi tí ẹ bá ń ta yìnyín tàbí ẹja.

Ìyá tó ń ta ẹja tútù àti ẹni tó ń ta omi ọ̀rá ni ọ̀rọ̀ yìí bá jù, torí inú fírísà ni èrè wọn wà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tokunbo tó wọ́pọ̀ lọ́jà, tí wọ́n rà torí pé ó pọ́ọ́kú, lè máa gbà á padà lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́. Fírísà àlòkù wà lára ẹrù tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ní a kò gbọ́dọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ wọ́n kún inú ọjà. Èyí tí ilẹ̀ òyìnbó ti lò fún ọdún 15, tí rọ́bà rẹ̀ ti gan, tí wọ́n ti ń fẹ́ gáàsì sí inú rẹ̀ léraléra, bó bá ń jẹ yúníìtì méjì kọjá ti tuntun lójúmọ́, ₦450 lójoojúmọ́ ni ní Báǹdì A, ₦13,500 lóṣù. Kí ọdún tó yí po, iye tí wọ́n rò pé àwọn pa mọ́ nígbà tí wọn kò ra tuntun ti bá iná lọ.

AC ni èkejì àwọn ohun tó ń mú tutù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì gùn lójú tèmi. Èyí tó kéré jù, 1HP, ń fa bíi wáàtì 900 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Òun náà máa ń sinmi bíi ti fírísà, nítorí náà ẹni tó bá fi sùn fún wákàtí mẹ́jọ yóò jẹ yúníìtì 4 sí 5, ìyẹn ₦900 sí ₦1,125 ní alẹ́ ẹyọ kan. Fáànù tó jẹ́ wáàtì 60 yóò jẹ yúníìtì 0.48 ní alẹ́ kan náà: ₦108. Àwọn tí kò lè ṣe kí wọ́n má tan AC, ẹ fi í sí 25 tàbí 26 kí ẹ tan fáànù mọ́ ọn, ara yóò tutù bí ẹni tó fi í sí nọ́ńbà tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fífi í sí 16 nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò ní mú kí yàrá tètè tutù pẹ̀lú AC àtijọ́. Yóò kàn jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ pẹ́ ni. Ẹ máa fọ asẹ́ iwájú rẹ̀ tí eruku ń dì. Tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní inverter ń jẹ iná tó kéré gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ooru yàrá ju ti AC lọ, ó sì dùn mí pé a kì í sọ ọ́ nígbà tí a bá ń kọ́lé. Ilé alámọ̀ tí àwọn bàbá wa kọ́, ògiri rẹ̀ nípọn, ìdérùn sì wà nínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Àwa ń fi búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ ọ, a ń fi páànù tó ń gba oòrùn sára bò ó, a gé gbogbo igi ọgbà torí kí ewé má baà dọ̀tí ilẹ̀, a sì dá fèrèsé kan ṣoṣo sí yàrá. Bí fèrèsé méjì bá kọjú síra wọn, afẹ́fẹ́ yóò gba àárín kọjá. Bí sílíìnì bá wà lábẹ́ páànù, tí àyè sì wà tí ooru àjà fi lè jáde, yàrá yóò yàtọ̀. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ báyìí lè dín owó iná ogún ọdún kù pẹ̀lú ibi tó bá dá fèrèsé sí. Ayálégbé kò ní irú àǹfààní yẹn. Kọ́tìnì tó nípọn sí fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀ ló kù fún un, kó sì ṣí gbogbo rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ti gílóòbù ti yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Gílóòbù pupa àtijọ́ mẹ́fà, wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, lé ní ₦12,000 lóṣù. LED wáàtì 9 mẹ́fà ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní bíi ₦1,800. Èyí tí mo ṣì ń rí kiri ni gílóòbù wáàtì 100 tó wà lẹ́nu géètì tàbí ẹ̀yìn ilé, tó ń tàn lójú oòrùn torí pé kò sẹ́ni tó ni ín. Dẹ́kódà tó wà ní ipò oorun, tí iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú, lè máa fa bíi wáàtì 10 tọ̀sántòru. ₦1,600 lóṣù nìyẹn fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ẹni tó sì ní inverter oníbátìrì láìsí sólà, kí ó rántí pé iná tó ń ṣáájì bátìrì rẹ̀ láti ara mítà ni, àti pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ ń ṣòfò lójú ọ̀nà kí ó tó padà jáde. Iná bátìrì kò sí lọ́fẹ̀ẹ́.

Inú ilé tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ti ń lo mítà kan ni ìjà pọ̀ sí jù, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ bí àwọn tó ń jẹun papọ̀ ṣe ń di ọ̀tá nítorí yúníìtì. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n pín owó ní orí-ò-jorí tàbí yàrá sí yàrá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní gílóòbù kan àti fáànù yóò wá san iye kan náà pẹ̀lú tọkọtaya tó ní fírísà méjì. Wáàtì ni kí ẹ fi pín in. Kí gbogbo yín jókòó lẹ́ẹ̀kan, kí olúkúlùkù kọ ohun tó ní sílẹ̀ àti wákàtí tó ń lò ó, kí ẹ ṣe ìṣirò tí mo sọ lókè yẹn, kí ẹ pín owó bó ṣe rí. Èyí tó tún sàn jù ni mítà kékeré tí oníná lè dè mọ́ wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan. Owó ẹ̀ẹ̀kan ni, ó sì ń parí ẹjọ́. Ẹ má gbàgbé pọ́ǹpù tó ń fa omi o. Pọ́ǹpù 1HP ń jẹ bíi yúníìtì kan ní wákàtí kan. Omi tó ń ṣàn lórí táǹkì sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó tàn án ti sùn lọ, owó gbogbo yín ló ń ṣàn. Súìṣì olómi-léfòó tó máa ń pa pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ nígbà tí táǹkì bá kún kò wọ́n.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí yúníìtì ṣì ń sáré, ẹ yẹ wáyà ilé wò. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń lo iná, ẹ yọ wọn kúrò lára ògiri, títí kan fírísà, kí ẹ wá dúró níwájú mítà. Iná kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú bí yúníìtì ṣe ń lọ. Tí ó bá ṣì ń ṣẹ́jú nígbà tí kò sí ohun kan ní títàn, iná ń jò gba ibì kan nínú ògiri, tàbí ẹnìkan ti fa wáyà lára tiyín. Ẹ wá pa fíúsì tàbí súìṣì ńlá tó wà lẹ́yìn mítà. Bí ó bá dáwọ́ dúró, inú ilé yín ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ pe oníná. Bí ó bá ń ṣẹ́jú síbẹ̀, mítà fúnra rẹ̀ ni, tàbí ẹnìkan ti fa wáyà láàárín mítà àti súìṣì ńlá yẹn. Ẹ ya fídíò rẹ̀, kí ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí ilé iṣẹ́ apínná, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó ń san owó Báǹdì A sì ní ẹ̀tọ́ sí iná Báǹdì A. Àṣẹ tí NERC pa ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 sọ pé tí ilé iṣẹ́ apínná bá kùnà láti fún fídà Báǹdì A ní wákàtí tó ṣèlérí fún ọjọ́ méjì léra, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún gbogbo ayé lórí ìkànnì rẹ̀ ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Tí ó bá di ọjọ́ méje léra, wọ́n gbọ́dọ̀ já fídà náà sí báǹdì tó bá wákàtí tó ń rí gbà mu. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ti ń gba ìṣàkóso iná sọ́wọ́ ara wọn lábẹ́ òfin iná mànàmáná ọdún 2023. Èkìtì àti Òǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní 2024, nítorí náà ẹni tó wà níbẹ̀, àjọ ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbé ẹjọ́ lọ bá. Ìwé àkọsílẹ̀ ni wọn yóò bèèrè. Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà, kí ẹ máa kọ aago tí iná dé àti aago tó lọ, kí ọmọ ilé tó bá wà nílé máa fi ọwọ́ sí i. Kí àwọn aládùúgbò mẹ́ta mẹ́rin lórí fídà kan náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì jọ fi ránṣẹ́.